Gìtá Aláwọ̀ Ọrùn Ẹyẹlé

Ọkùnrin kan wà ní ilé ìfọṣọ kan tí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, ẹ má wulẹ̀ yọjú: ẹnu rẹ̀ ló ti dé yẹn, ara ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ìka-Wúrà. Ó kàn wọlé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Láti òní lọ, ẹni tó bá pè mí lórúkọ tí bàbá mi sọ mí, mi ò ní dá a lóhùn." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kò burú.

Gìtá oníná kan ló fa gbogbo rẹ̀. Àlòkù ni, ó rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kó kúrò ládùúgbò. Ká má parọ́, gìtá náà rẹwà. Ṣé ẹ ti rí ọrùn ẹyẹlé rí nígbà tí oòrùn bá kàn án? Bí ẹ bá dúró lápá ọ̀tún, àwọ̀ ewé ni. Bí ẹ bá sún díẹ̀ sí òsì, ó ti di elésè àlùkò, ẹ̀yin náà á sì máa ṣẹ́jú bí ẹni tí iyanrìn kó sí lójú. Kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ tó rà á ló gbìyànjú láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta á. Wáyà gé e níka, ó gbé e kọ́ ara ògiri, kò sì tún fọwọ́ kàn án mọ́ àfi bó bá fẹ́ nu eruku. Ṣùgbọ́n ó yà á ní fọ́tò. Fọ́tò yẹn ló ń gbé kiri inú fóònù rẹ̀ bí ìwé ẹ̀rí.

"Ọjọ́ tí mo ta gìtá yìí nínú gbọ̀ngàn kan," á ní, "àwọn èèyàn sunkún débi pé wọ́n ní kí n dúró ná, kí wọ́n nu ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ̀ ṣubú."

"Ìgbà wo nìyẹn?" Baba Ẹ̀rọ á bi í. Àgbàlagbà tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ni.

"Bàbá, ẹ̀yin kì í gbọ́ ìròyìn ni."

Èrè rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Bí bùláńkẹ́ẹ̀tì òtẹ́ẹ̀lì bá jáde nínú omi, tó wúwo bí ẹni tó sùn lọ, Ìka-Wúrà á na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ìka yìí? Láéláé! Ẹ fẹ́ ba nǹkan àjogúnbá jẹ́." Baba Ẹ̀rọ á wá bẹ̀rẹ̀, á gbé e, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ké jáde. Ìka-Wúrà á jókòó jẹ́ẹ́ síbi àpò ìrọ̀rí, á máa lọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni ayé rẹ̀ ṣe dùn títí di ọjọ́ tí Màmá Ọ̀gá fẹ́ fẹ̀yìntì.

Màmá Ọ̀gá ló ń darí ilé ìfọṣọ náà láti ìgbà tí ẹ̀rọ ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn rẹ̀. Àǹtí Káńtà, tó ń gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, ló pe ìpàdé nígbà oúnjẹ ọ̀sán.

"Owó tí a bá fẹ́ fi pe olórin, ẹ jẹ́ ká fi ra kéèkì ńlá," ó ní. "Ṣebí a ní olórin tiwa nílé."

Gbogbo ojú yí sí Ìka-Wúrà. Ara rẹ̀ ti múra láti kọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti gbà á.

"Orin kan péré lẹ fẹ́? Ẹ fẹ́ rí mi fín ni! Màá ta á títí tí òrùlé yìí á fi bẹ̀ mí."

Màmá Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń kọjá lọ, ó gbọ́, ó sì dúró. "Ọmọ mi, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ìròyìn gìtá yìí. Mi ò fẹ́ kúrò níbí kí n má gbọ́ ọ."

"Màmá, ẹ mú áńkáṣíìfù dání," ẹnu tún fọhùn. "Ẹ mú méjì."

Nígbà tó délé tó sọ fún ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tẹ agogo ẹnu ọ̀nà tí kò dún?"

"Ọpọlọ mi pé. Màá kọ́ ọ kí ọjọ́ náà tó pé."

Ó so gìtá mọ́ sípíkà, ó yí i sókè, ó fi gbogbo ara ja wáyà. Kò pẹ́ tí aládùúgbò fi ń kan ilẹ̀kùn kíkan kíkan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù!" ni ó ń ké láti ìta. "Ohun yòówù kó ti ṣe, ẹ má pa á!"

Ìka-Wúrà pa sípíkà. Ẹ̀rù wá bà á gidi. Kì í ṣe ìtìjú nìkan ló ń rò. Bí wọ́n bá mọ̀ pé kò lè ta gìtá, orúkọ ti lọ nìyẹn, gbogbo bùláńkẹ́ẹ̀tì tútù ilé ìfọṣọ yẹn sì ti tò dúró dè é. Ó wo gìtá náà, gìtá náà sì ń dán. Bí kò bá sí gìtá mọ́, ta ló máa ní kó wá ta gìtá?

"Màá tà á," ló wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ìyàwó rẹ̀ ní. "Ẹ ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀ ń ta gìtá. Ẹ jẹ́ kó jóòótọ́ lẹ́ẹ̀kan."

Ó gbé fọ́tò náà sórí ọjà orí fóònù, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Gìtá tó ti pa àwọn èèyàn lẹ́kún. Ẹni tó ni ín kò fẹ́ tà á rárá. Ẹ tètè wá."

Ẹni àkọ́kọ́ tó dé ni obìnrin kan tó mú ègé kọ́tìnnì dání. Ó gbé e sára gìtá, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ṣé ẹ ní èyí tó pọ́n díẹ̀?" Wọ́n ní kò sí. Ó ká kọ́tìnnì rẹ̀, ó lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọkùnrin kan dé, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó jọ ẹni tó mọ nǹkan tó ń wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ta á díẹ̀ kí n gbọ́ bó ṣe ń dún."

"Kí n ta á?" Ìka-Wúrà gbójú sókè. "Ẹni tó ń ta pósí, ṣé ó máa ń kọ́kọ́ sùn sínú rẹ̀ fún yín wò ni?"

Ọmọkùnrin náà wò ó, ó wo gìtá, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹnì kẹta ni ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó dé fìlà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: "Ṣé òun nìyí, èyí tó ń ṣe bí ọrùn ẹyẹlé?" Wọ́n ní òun ni. Kò dúnàá dúrà, kò ní kí wọ́n ta á, kò tilẹ̀ ní kí wọ́n bá òun nu eruku rẹ̀. Ó sanwó, ó fi aṣọ funfun wé gìtá náà bí ẹni ń wé ọmọ, ó gbé e lọ. Ó yẹ kí Ìka-Wúrà fura. Ijó ló jó ní tirẹ̀. Ó jó láti pálọ̀ dé ilé ìdáná, ó jó padà.

Lọ́jọ́ kejì, ó fa ojú wálẹ̀ wọ ibi iṣẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ara rẹ̀ ló ṣáájú ẹnu dé.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Àǹtí Káńtà bi í.

"Gìtá mi ti lọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ kan ni mo rí, aláìlóbìí. Ó ń wo gìtá náà bí ẹni ń wo ìyá rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé e fún un. Lọ́fẹ̀ẹ́!"

Àǹtí Káńtà wo Baba Ẹ̀rọ, Baba Ẹ̀rọ wo ilẹ̀. "Ọlọ́run á dá a padà fún ọ," arúgbó náà wí, pẹ̀lú ohùn tí èèyàn fi ń bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sọ̀rọ̀.

Ìka-Wúrà rò pé eré ti tán. Ohun tó tẹ̀ lé e ló rú u lójú. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Baba Ẹ̀rọ gé ẹran inú oúnjẹ rẹ̀ sí méjì, ó sì ti èyí tó tóbi síwájú rẹ̀. "Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Má tijú." Nígbà tó yá, ẹnì kan rọra ki ọṣẹ sínú báàgì rẹ̀. Ẹlòmíì fi ìrẹsì sí i. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Baba Ẹ̀rọ fà á sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó fún un ní ṣòkòtò kan tó ti ṣá. "Ìdí rẹ̀ ṣì lágbára," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ìka-Wúrà, tó máa ń sọ pé bàtà òun ń bọ̀ láti òkè òkun! Ó fẹ́ da ṣòkòtò náà padà, ṣùgbọ́n omi wà lójú arúgbó náà. Ó gbà á. Ìyàwó rẹ̀ tú báàgì lálẹ́, ó rí ọṣẹ, ó rí ìrẹsì, ó rí ṣòkòtò.

"Ta ló kú?" obìnrin náà bèèrè.

Ọjọ́ ìfẹ̀yìntì pé. Wọ́n tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun sórí àwọn tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, wọ́n gbé kéèkì sáàárín, Màmá Ọ̀gá sì jókòó níwájú pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ìka-Wúrà àti ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí ti ọmọ ọwọ́. Àǹtí Káńtà dìde.

"Ẹnì kan wà láàárín wa," ó ní, "tí a rò pé afọ́nnu ni. Ẹ dárí jì wá. Nǹkan le fún un débi pé ó gbé gìtá rẹ̀ tà, ó wá sọ fún wa pé òun fi tọrẹ. Ìtìjú ò jẹ́ kó bèèrè ìrànlọ́wọ́. Fọ́tò rẹ̀ ni mo rí lórí fóònù. Ta ni kò ní dá àwọ̀ yẹn mọ̀? Gbogbo wa dáwó, ọkọ mi ló sì bá wa lọ rà á."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó dé fìlà wọlé, ó gbé nǹkan tí wọ́n fi aṣọ funfun wé. Ó tú u. Iná àjà bọ́ sí i lára, ó dán ewé, ó dán àlùkò, gbogbo ilé pariwo. Baba Ẹ̀rọ ń nu ojú. Ìyàwó Ìka-Wúrà fi orí pamọ́ sẹ́yìn ọwọ́, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹni tó jókòó tì í sì ń fọwọ́ lù ú lẹ́yìn pé kó má sunkún mọ́.

Ó dun Ìka-Wúrà dọ́kàn. Ká ní wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ìdáhùn ò ní wọ́n ọn. Inú rere yìí ni kò mọ ohun tí wọ́n ń fi dá a lóhùn. Wọ́n tì í síwájú, wọ́n gbé gìtá kọ́ ọ lọ́rùn.

"Wáyà rẹ̀ ti dẹ̀," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"A ti gbé e lọ fún oníṣẹ́," ọkùnrin onífìlà wí. "Tuntun ni gbogbo rẹ̀."

"Sípíkà ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn rẹ. Ó ti gbóná."

"Ọ̀fun ń dùn mí."

"Ṣebí gìtá ni," Baba Ẹ̀rọ fi í lọ́kàn balẹ̀. "Má fi ọ̀fun ta á."

Kò sí ọ̀nà mọ́. Ó di ojú pọ̀ bíi tàwọn olórin inú tẹlifíṣọ̀n, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì jù ú sórí wáyà. Ohùn tó jáde, ẹ má bi mí. Bí wọ́n bá wọ́ páànù lórí sìmẹ́ǹtì, tí ewúrẹ́ kan sì wà lábẹ́ páànù náà, ó súnmọ́ ọn. Gíláàsì ojú fèrèsé dáhùn. Ìka-Wúrà rò pé bí òun bá yára sí i, á di orin. Ó yára sí i. Kò dì í.

Nígbà tó lajú, ẹnì kan ṣì fi ìka di etí.

"Ó ń tún ohùn rẹ̀ ṣe ni," Baba Ẹ̀rọ bẹ àwọn èèyàn. "Kò tíì bẹ̀rẹ̀."

Ìka-Wúrà ti tẹrí ba. "Ẹ ṣé," ó ní. "Ó ti parí."

Màmá Ọ̀gá dìde díẹ̀díẹ̀. Ó rìn dé iwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ọmọ mi," ó ní, "láti àárọ̀ ni ẹkún ti ń gbọ̀n mí. Mo rò pé ẹsẹ̀ mi ò ní lè gbé mi jáde nínú ilé yìí láéláé." Ó yíjú sí Àǹtí Káńtà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọ̀bẹ fún kéèkì. "Ẹ bá mi gbé báàgì mi wá, kíá. Ẹsẹ̀ mi ti lè gbé mi báyìí."