Ààrẹ Inú Kọ̀rọ̀ Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ yan Ààrẹ, ṣé ẹnu rẹ̀ lẹ máa ń wò ni, àbí ọwọ́ rẹ̀?

Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi ná.

Aránsọ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yìí. Àǹtí Máṣíìnì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe nítorí máṣíìnì tó fi ń ránṣọ. Ẹnu rẹ̀ ni. Tẹtẹtẹtẹtẹ! Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, àfi kí òwú já. Èmi ni mo máa ń bá a rán bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àyè rẹ̀ gan-an dà?

Tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù wa, àwòrán rẹ̀ ń dán bí ojú ìyàwó tuntun, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti kú pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi kò tún un ṣe. Ó ní ta ló fẹ́ máa bá òun du ọ̀rọ̀ sọ?

Lẹ́bàá ilẹ̀kùn wa ni atúnbàtàṣe kan máa ń jókòó sí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, bí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi náà ṣe ti kú. Bàbá Pẹ̀lẹ́ là ń pè é. Bí ẹ bá kí i pé "ẹ káàárọ̀", ẹ lè lọ pọn omi kí ẹ tó padà wá gba ìdáhùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó fẹ́ òun. Èsì kan náà ló máa ń gbà:

"Bàbá Pẹ̀lẹ́, èèyàn rere ni yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò fani mọ́ra. Ẹ dà bí òpó iná, iná ọ̀hún ò sì tàn."

Ìbò Ààrẹ wá ń bọ̀, àwọn olùdíje jáde wá jiyàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. Ọkùnrin mẹ́ta dúró gbọnin-gbọnin, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé bí ẹja inú omi.

Ẹ̀gbọ́n mi rí ẹnì kẹrin.

Nísàlẹ̀, ní kọ̀rọ̀, nínú àpótí kékeré kan.

Háà! Ọkùnrin yẹn! Ọwọ́ rẹ̀ ń fò, fìrì! fìrì! pàú! Ó nàka sókè, ó gbá àyà, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fajú ro, ó tún rẹ́rìn-ín.

"Yéè!" Ẹ̀gbọ́n mi ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Ààrẹ rèé o!"

"Kí ló dé tó dá wà nínú àpótí?" oníbàárà kan bi í.

"Ẹni ńlá ni. Àwọn yòókù ló fẹsẹ̀ ara wọn wá. Òun, ilé rẹ̀ ni wọ́n lọ bá a."

"Kí ló dé tí kò dákẹ́ nígbà tí àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀?"

"Ta ló tó pa á lẹ́nu mọ́? Kí wọ́n tó sọ ọ̀kan, ó ti dá wọn lóhùn méjì!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́. Kí n má parọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tó mi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wálẹ̀ wọ́rọ́wọ́rọ́ bí òjò, tó wá fi àtẹ́lẹwọ́ bù ú sẹ́nu, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Bàbá Pẹ̀lẹ́ yọrí wọlé, rédíò kékeré lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ... jọ̀ọ́... ẹni mẹ́ta ni mo gbọ́ o."

"Rédíò yín kéré. Kò lè gbé ohùn rẹ̀."

"Kí... ló wá sọ?"

"Ẹni tó ní irú ọwọ́ yìí, kí ló tún kù tó fẹ́ sọ?"

"Èmi ò mọ ti ọwọ́. Ẹni tó ní òun máa gbé omi dé gbogbo àdúgbò, tó sì sọ bí òun ṣe máa ṣe é, òun ni mo máa dìbò fún."

"Èyí tó gùn bí àkàbà yẹn? Ẹni tó ń sùn lórí ìdúró! Bàbá Pẹ̀lẹ́, ìyá kan náà ló bí ẹ̀yin àti òun."

"Màdáámù... ẹni tí ẹ ń wí yìí ò díje."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó gbé téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn bí adájọ́.

"Gbogbo yín, ẹ gbọ́ o! Bí mi ò bá rí ojú ọkùnrin yẹn láàárín àwọn olùdíje lọ́jọ́ ìbò, èmi Àǹtí Máṣíìnì, màá fẹ́ Bàbá Pẹ̀lẹ́!"

Rédíò bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Gbàgà!

"Mo gbọ́!" ló ní. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ kí ó yára fèsì bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ ìbò pé. Wọ́n lẹ àwòrán àwọn olùdíje mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún fi sójú. Ó ká etí bébà sókè, ó yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Mẹ́ta péré.

"Ẹ ti jí i o!"

Òṣìṣẹ́ ìbò sáré dé. "Màmá, kí ló sọnù?"

"Ààrẹ!"

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ṣé mo bá wọn sọ ọ́ lórúkọ ni?"

"Ẹgbẹ́ òṣèlú wo ló wà?"

"Ẹgbẹ́ inú àpótí!"

"Màmá, báwo ló ṣe rí?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì fún mi. Fìrì! fìrì! pàú! Ó nàka, ó gbá àyà, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gbogbo ìlà ìbò yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè rí i dáadáa.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ adití wà lórí ìlà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ni ọwọ́ tirẹ̀ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò, fìrì! fìrì!

"Ọmọ mi ní ṣé olùkọ́ àwọn lẹ ń wá?" ìyá rẹ̀ bi wá. "Olùkọ́ àwọn adití ni. Òun ló ń fi ọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn olùdíje fún wọn."

"Túmọ̀ kẹ̀?"

"Kò sọ ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀ ẹyọ kan."

Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀, mo lanu. "Òjò yẹn ńkọ́? Èyí tó fẹ́ pa mí lẹ́kún?"

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bi í, ọmọbìnrin náà sì nàka sí àwòrán kan lára ògiri. Ọ̀rọ̀ omi ni! Ti ọ̀gbẹ́ni àkàbà ni!

Ẹ̀rín ń pa mí! Mo fi gèlè bo ẹnu, ẹ̀rín gba imú jáde.

"Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wá ńkọ́?" ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn.

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Pẹ̀lẹ́. Ó ti kun bàtà rẹ̀ débi pé òṣìṣẹ́ ìbò lè fi ṣe dígí.

"Ẹ jẹ́ kí n dìbò ná," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ó dìbò tán, ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá bi í léèrè ìlérí, á ní, "Mò ń gbàdúrà sí i." Àdúrà wo? Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ sí láràárọ̀. Ó ń gbàdúrà fún máṣíìnì, ó ń gbàdúrà fún eékún rẹ̀. N kò gbọ́ orúkọ Bàbá Pẹ̀lẹ́ níbẹ̀ rí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọbìnrin adití yẹn àti ìyá rẹ̀ wá wọn aṣọ. Bàbá Pẹ̀lẹ́ wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù, ó mí kanlẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Fì... rì.

Fì... rì.

Pàú! Ó gbá agolo bọ́tìnnì dànù. Wàràwàrà! Bọ́tìnnì fọ́n ká gbogbo ilẹ̀, kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ó ń bá ọwọ́ rẹ̀ lọ, òógùn bò ó. Ibi tó ti lọ kọ́ ọ, Ọlọ́run ló mọ̀.

Ọmọbìnrin náà ṣubú lu òkìtì aṣọ, ó ń gbọ̀n rìrì fún ẹ̀rín.

"Kí ló sọ?" ẹ̀gbọ́n mi bi ìyá ọmọ.

"Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n. Ó ní... ó ní òun fẹ́ fi màlúù yín ṣaya."

Bàbá Pẹ̀lẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ dójú tì.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Ó wo òógùn tó ń kán sórí bàtà rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ìyá ọmọ náà ló kọjú sí, bí ẹni pé Bàbá Pẹ̀lẹ́ ò gbọ́ èdè:

"Ẹ sọ fún un pé màlúù ti gbà."

Ní Sátidé kejì, níwájú Ọlọ́run àti gbogbo èèyàn tó tò sórí ìlà ìbò, Àǹtí Máṣíìnì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ.