Bọ́ílà Èmi-Kì-Í-Tó

Bí ooru ń mú ní Ìlaró tí adìyẹ ń yanu, omi gbígbóná ni Nathaniel Abọ́dúnrìn fi ń wẹ̀. Òtútù kọ́ ló ń mú un o. Ó fẹ́ kí aládùúgbò rí èéfín lójú fèrèsé ni. A-wẹ̀-gbóná-nínú-ọ̀gbẹlẹ̀! Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Nathaniel sì ni ẹ̀gbọ́n àwọn méjèèjì.

Nígbà tó gbọ́ pé àwọn àgbà ìjọ ń wá ẹni tí wọn yóò fi jẹ Bàbá Ìjọ, ó kọjá sí Kútọnu, ó sì gba Ìdí-Ìrókò gbé bọ́ílà ńlá kan, ẹ̀rọ tó ń se omi gbóná, wálé. Ó ní kí àwọn àgbà náà wá fi omi gbígbóná fọwọ́ jẹ iyán nílé òun ní Sátidé.

Mẹ̀dínátù, pọ́lọ́ńbà tó ń gbé ní òdìkejì títì, ló wá so ó pọ̀.

"Bàbá, ohun kékeré tó ní wáyà yìí ló ń ṣọ́ agbára ooru inú rẹ̀. Bó bá ti tó, á paná fúnra rẹ̀."

"Ta ni yóò sọ fún mi nínú ilé mi pé ó tó? Èmi kì í tó!"

"Á bú gbàmù o, sà. Fáàfù yìí ńkọ́? Ibẹ̀ ni ooru tó bá pọ̀ jù máa gbà jáde síta."

"Síta kẹ̀? Kí wọ́n lè ní ilé mi ń jò?"

Mẹ̀dínátù ò gbà. Ó de fáàfù náà mọ́ ọn pinpin, ó lọ. Bó ti kẹ̀yìn ni Nathaniel gé wáyà èyí tó ń paná. Fáàfù kò ṣe é tú, ló bá fi rọ́bà fa ẹnu rẹ̀ wọ pálọ̀, ó fi pamọ́ sínú ìkòkò òdòdó lẹ́yìn àga rẹ̀.

Láti òwúrọ̀ Sátidé ló ti taná sí i. Alàgbà Alfred, olórí àwọn àgbà, kọ́kọ́ ki ọwọ́ bomi.

"Yéè! Ṣé kò ti pọ̀ jù báyìí?"

Nathaniel rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó fẹ agbádá ọrùn rẹ̀ bo àga. "Nílé tèmi? Kò sóhun tó ń pọ̀ jù."

Ẹnu rẹ̀ kò tíì pa dé tí fáàfù fi ṣí. Fùùùù! Ooru gba ẹnu rọ́bà inú ìkòkò òdòdó wọ abẹ́ agbádá, agbádá wú. Fìlà ṣubú, bàtà kan ṣẹ́kù sí pálọ̀, Nathaniel ti dójú títì. Àwọn ọlọ́kadà dúró wòran.

"Ó tó! Ó tó o! Ẹ bá mi sọ fún un pé ó tó!"

Mẹ̀dínátù sáré wọlé, ó paná. Alàgbà Alfred nu ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Àwa náà gbà pé ó tó."

Ilé Ògúnníyì, àgbẹ̀ kan nínú ìjọ, ni wọ́n ti jẹ iyán lọ́jọ́ náà. Omi inú àmù ni wọ́n fi fọwọ́, Ògúnníyì sì ni Bàbá Ìjọ títí dòní.