Bí Mo Ṣe Fọ Gìtá Àna Mi

Bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí. Bàtà ló kọ́kọ́ bà á jẹ́. Bàtà kánfáàsì tuntun, ó ń fún ọmọńdinrín ẹsẹ̀ mi bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ níyà rí, mo sì ní láti fi rìn dé Ojú Ọrẹ, torí ilé àna ni mò ń lọ. Ìgbà òyìnbó ni o. Àdúgbò Ṣàngó tí mo gbà kọjá, tí ẹ ń wò yìí, igbó ló pọ̀ níbẹ̀ ju èèyàn lọ.

Sìfáwù ni mo fẹ́ fẹ́. Bàbá wọn ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Bùrọ̀dá Súlè, ló di bàbá. Télọ̀ ni, ó sì tún máa ń ta gìtá níbi ìnáwó. Ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó á máa ṣiṣẹ́ fún àna, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo ti bá wọn mọ ilé ìdáná, mo ti pọnmi kún àmù, Bùrọ̀dá ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Á kàn máa wò mí bí aṣọ tí kò dá a lójú pé ó máa tó sòkòtò.

Lọ́jọ́ yẹn, mo bá gìtá náà lórí àpótí. Eruku lára rẹ̀, òógùn lára rẹ̀, pẹ̀lú ẹmu tí Bùrọ̀dá ní òun kì í mu.

"Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ n bá yín tún nǹkan yìí ṣe kó dán."

"O mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Háà! Ilé agbẹ́gi ni wọ́n bí mi sí, sà."

Irọ́ kọ́. Àmọ́ odó ni bàbá mi ń gbẹ́. Odó ò ní okùn.

"Ó dáa. Tí a bá ti kírun Alásàrí ìrọ̀lẹ́ tán, mò ń gbé e lọ síbi ìyàwó ní Ìgbẹsà. Tó o bá ṣe é dáadáa, ká jókòó sọ ọ̀rọ̀ Sìfáwù lọ́la." Ó bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Nílé tiwa, igi kì í dán láìfi ewé eépín ha á. Ewé náà rí ṣákiṣàki bí ahọ́n ológbò. Mo já ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́yìnkùlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha ikùn gìtá. Ìdọ̀tí ń lọ, inú mi ń dùn. Ìgbà tí mo wò ó dáadáa, ìdọ̀tí nìkan kọ́ ló ń lọ. Ọ̀dà pupa tó ń dán lára rẹ̀ ti bó, igi funfun ti yọ síbí, ó yọ sọ́hùn-ún, bí orí ẹni tí làpálàpá mú.

Ẹ̀rù ò tíì bà mí. Tí odó tuntun bá funfun jù, kí la fi ń pa á? Àdín. Mo pa á lẹ́ẹ̀kan, mo pa á lẹ́ẹ̀mejì. Igi náà ń mu ún bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ń mu òjò. Ó dúdú, ó ń dán, àmọ́ òórùn rẹ̀ dé ìta, eṣinṣin sì ti ń kí ara wọn káàbọ̀. Mo rò ó pé wọn ò ní fẹ́ òórùn yìí níbi ìyàwó. Oògùn òórùn kì í sì í ṣe méjì: ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mò ń gbọ́ yín. Mo gbé e sínú ọpọ́n, mo fọ̀ ọ́, mo bu omi sínú ihò rẹ̀ kí inú náà lè mọ́. Ìwé òyìnbó kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ibẹ̀ bá léfòó jáde. Mo kà á. Mo mọ lẹ́tà, ohun tí lẹ́tà ń wí ni mi ò mọ̀, torí kíláàsì méjì ni mo dé. Ó lè jẹ́ "ẹ má fọ̀ mí o" ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Mo sá a sórí páànù nínú oòrùn, mo lọ kírun Ayìlá ọ̀sán. Ìgbà tí mo dé, gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ti yọ́, ẹ̀yìn gìtá ti ṣí kúrò lára ikùn rẹ̀, ó yanu bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sókè lódò.

Ibẹ̀ ni Sìfáwù bá mi. "Yéè! Kí lẹ ṣe fún un?"

"Mo tún un ṣe ni."

"Ẹ tún un ṣe!" Ó fi ìborùn bo ẹnu, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀. "Ẹ tètè sá gba ẹ̀yìnkùlé. Màá ní ewúrẹ́ ló gbé e ṣubú."

"Ewúrẹ́ wo ló ń lo ọṣẹ dúdú?"

Mo wo ògiri ẹ̀yìnkùlé náà, kò ga. Àmọ́ bí mo bá fò ó, mo pàdánù Sìfáwù nìyẹn. Mo dúró.

Bùrọ̀dá wọlé tòun ti bùbá funfun. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi ọṣẹ.

"Ta ló ní kó o fọ gìtá?"

"Òórùn àdín ló pọ̀, sà."

"Ta ló ní kó o fi àdín pa á?"

"Ó ti bó, sà."

"Kí ló bó o?"

"Ewé eépín, sà. Èmi ni mo fi ha á."

Ó gbé e, ó ta okùn kan. *Gbò.* Omi tó kù nínú rẹ̀ tú jáde sí i láyà. "Súbúhánàllàhi," ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fọwọ́ nu omi láyà. "Ẹni tó wá fẹ́ Sìfáwù ṣáájú rẹ já okùn kan péré, ó ní èkúté ni. Ìwọ pa odindi gìtá, o sì jẹ́wọ́ látòkè délẹ̀."

Agídìgbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló yá lọ sí Ìgbẹsà. Èmi ni mo rù ú, wọn ò sì jẹ́ kí n nu eruku ara rẹ̀.

Látìgbà náà, tí wọ́n bá ní "o mọ̀ ọ́n ṣe?", mo máa ń sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n, kódà kó jẹ́ jíjẹun. Mo máa ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rín tó ń dùn mí díẹ̀ ni. Torí lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Bùrọ̀dá ti ní kí n máa mú Sìfáwù lọ tọ́jọ́ bá pé, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká, ó ní:

"Ọlọ́run á fún yín lọ́mọ. Tó bá dé, jẹ́ kí ìyá rẹ̀ máa wẹ̀ ẹ́."