Àga Baálẹ̀ Lórí Ẹrẹ̀ Wúrà

Ṣé ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ níbi tí àwọn àgbà ti ń wí pé, "Ojú ilẹ̀ ló gbẹ, inú rẹ̀ ò tíì gbọ́"? Ẹ fi ń bá ọmọ wí, ẹ ò sì mọ ibi tó ti wá. Ó ń dùn mí. Ẹ jókòó.

Ní Ìdó-Àràbà, àwọn awakùsà wó ilé onílé, wọ́n fọ wúrà abẹ́ rẹ̀, wọ́n kó wúrà lọ, wọ́n fi adágún ẹrẹ̀ funfun tó ṣẹ́kù lára wúrà tí wọ́n fọ̀ dúpẹ́ oore. Ọ̀gá wọn kàn ní kí ìlú gbẹ́ ihò jíjìn sínú ẹrẹ̀ náà, kí wọ́n rọ iyanrìn kún un kí omi lè rí ọ̀nà jáde, kí wọ́n tún kó òkìtì iyanrìn lé e lórí kó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n wá ní sùúrù títí yóò fi dì.

Sùúrù wo? Àwọn tí ilé wọn wó ń sùn káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹbí, ẹkún wọn kò sì jẹ́ kí Baálẹ̀ Fámúyìwá gbádùn. Bí oòrùn ṣe mú ojú ẹrẹ̀ gbẹ báyìí, ó ní òun fẹ́ pín ilẹ̀ orí rẹ̀ fún wọn kí wọ́n kọ́lé. Ṣijúadé, ìyàwó rẹ̀, fi igi gún un, igi wọlé wẹ́rẹ́. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ ní kó má da omi tútù sí òun lọ́kàn.

Wọ́n tẹ́ ọparun bí afárá, wọ́n gbé àga ìrókò rẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí ẹrẹ̀ gan-an kí gbogbo ayé lè rí i pé ilẹ̀ ti le. Baálẹ̀ jókòó. Bó ṣe ń pín ilẹ̀ fún kálukú ni àga ń wọlẹ̀ lọ, jẹ́ẹ́jẹ́.

Èèwọ̀ sì ni nílùú náà kí orí ẹnikẹ́ni ga ju fìlà Baálẹ̀ lọ. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ará ìlú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dé itan, wọ́n kúnlẹ̀ lórí ọparun. Ó dé ìbàdí, tọkùnrin tobìnrin nà gbalaja, ẹrẹ̀ wọ àwọn ìjòyè nímú.

"Ẹ fà mí," ni Baálẹ̀ wí.

Ọ̀tún, igbákejì rẹ̀, dáhùn láìgbé orí sókè pé, "Baba, ẹ foríjì wá. Ẹni tó bá máa fà yín, àfi kó dìde."

Baálẹ̀ ro ó títí ẹrẹ̀ fi dé àyà rẹ̀. "Èèwọ̀ àwọn bàbá wa ni," ó wí. "Èmi kọ́ ni n ó bà á jẹ́."

Ṣijúadé wo ọkọ rẹ̀ láti ibi tó nà sí. Ìtẹríba wo ló máa sọ èèyàn di opó? Ó fi àyà fà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ṣí fìlà náà kúrò lórí rẹ̀, ó fi í kọ́ ṣóńṣó ọparun gígùn kan, ó sì ri ọparun náà mọ́lẹ̀ ṣánṣán.

"Fìlà Baálẹ̀ ti ga ju gbogbo yín lọ báyìí," ó wí. "Ẹ dìde kí ẹ fa ọkọ mi."

Wọ́n fà á. Baálẹ̀ jáde, agbádá jáde, ṣùgbọ́n àga kò jáde, ṣòkòtò náà kò sì bá wọn wá. Ẹ̀rín tí àwọn tí kò nílé rín lọ́jọ́ náà, wọn ò rín irú rẹ̀ látìgbà tí ilé wọn ti wó. Baálẹ̀ kó agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Ẹ lọ kó iyanrìn wá."

Wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n rọ iyanrìn, wọ́n dúró. Fìlà náà kò kúrò lórí ọparun. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣì ń wọ̀, tí fìlà sì ń bá a lọ sísàlẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gbé búlọ́ọ̀kù wá síbẹ̀. Nígbà tó dúró sójú kan ni wọ́n tó kọ́lé, ilé Ṣijúadé ló sì gbẹ̀yìn, torí kò gba ẹnikẹ́ni tó ní ilẹ̀ ti gbẹ gbọ́.

Ṣòkòtò Baálẹ̀ ṣì jókòó sórí àga nísàlẹ̀ títí dòní. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sáré wá sọ fún yín pé nǹkan ti dára, pé ó ti gbẹ, ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ bi ṣòkòtò léèrè. Ojú ilẹ̀ ló gbẹ, inú rẹ̀ ò tíì gbọ́.