Oògùn Tó Ń Bá Ìkòkò Ọbẹ̀ Kiri

Ẹjọ́ kan wọ ààfin wa ní Kubwa lánàá, ẹrù ló sì kọ́kọ́ wọlé kí ènìyàn tó wọlé. Báàgì Ghana-must-go méjì ni, wọ́n fi okùn dì wọ́n pinpin. Ìdáyátù, ìyàwó kékeré Alájì Jàbárù ọlọ́sàn, ló ni ẹrù. Alájì fúnra rẹ̀ ló rù ú wá. Ó ní bí ẹjọ́ bá ti parí, páàkì Utako ló kàn, ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ń dúró láti gbé e padà sílé bàbá rẹ̀.

Ẹ má fojú ààfin wo ààfin wa o. Pálọ̀ Ọba Àjíṣafẹ́ ni, ọba àwa Yorùbá tó wà ní Kubwa. Kábíyèsí wà lórí àga, Ìyálóde Ìbídùnní wà lọ́tùn-ún wọn, àwọn ìjòyè tó kù ń fi abẹ̀bẹ̀ lé ooru nítorí kò sí iná.

"Jàbárù, kí ni ìyàwó ṣe?" Kábíyèsí bèèrè.

"Ó lóyún, Kábíyèsí."

Gbogbo ilé hó yèè. "Ẹ kú oríire o! Ẹ kú oríire!"

"Ẹ má kí mi!" Alájì fò dìde. "Oyún náà kì í ṣe tèmi."

Ìdáyátù fi etí ìbòrí nu ojú.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Kábíyèsí, mo ra oògùn. Oògùn tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún. Mo ní kí a sinmi ọmọ bíbí díẹ̀, ọjà Zuba ò dáa, ọsàn ń jẹrà mọ́ wa lọ́wọ́. Bí mo bá wà nílé, àwọn ìyàwó mi ń lo oògùn. Ṣé oyún lè wọlé nígbà yẹn?"

"Máa bá ọ̀rọ̀ lọ."

"Bí mo bá lọ kó ọsàn ní Gbókò, mo máa ń mú oògùn náà dání lọ."

Ìyálóde na ọrùn. "O máa ń mú kí ni dání lọ?"

"Oògùn náà, Màmá. Inú àpò ni mò ń kì í bọ̀. Bí èmi ò bá sí nílé, nítorí ta ni wọ́n fẹ́ máa lò ó?"

Ìjòyè kan ní, "Kai!"

"Ẹ wá gbọ́." Alájì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. "Nígbà tí mo wà nílé, oògùn ń ṣọ́nà. Oyún ò lè kọjá. Nígbà tí mi ò sí nílé, mi ò sí nílé! Oyún sì wọlé. Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un?"

Ìjòyè Bámiṣayọ̀ mi orí. "Ó jọ òótọ́ o."

"Ó jọ ọ́, kì í ṣe òun," ni Ìyálóde wí. "Ìdáyátù, sọ tẹnu rẹ."

Ìdáyátù kúnlẹ̀. "Kí ẹ̀mí yín ó gùn, Kábíyèsí. Mi ò mọ ọkùnrin mìíràn. Oògùn tí wọ́n ń wí yìí, ìgbà tí oúnjẹ bá kàn mí nìkan ni mo ń rí i."

"Kí ló kan oúnjẹ kan oògùn?"

"Sáṣẹ́ẹ̀tì kan ni ọkọ wa, Bàbá Saeed, rà fún èmi àti ìyálé mi. Ẹni tó bá kàn láti se oúnjẹ ló máa gba ìkòkò ọbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ stóò, àti oògùn. Bí tèmi bá parí, màá kó gbogbo ẹ̀ fún ìyálé mi."

Ìyálóde di orí mú. "Oògùn kan ṣoṣo? Ẹ̀yin méjèèjì?"

Alájì gbé àyà síwájú. "Ìdọ́gba ni, Màmá. Ẹ̀sìn wa ní kí n ṣe dọ́gba láàárín wọn. Bí mo bá ra ẹja, mo máa ń là á sí méjì."

"Ṣé o ń la hóró oògùn náà sí méjì ni?"

"Rárá o. Ó kéré jù. Ìdí rèé tí mo fi ní kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn."

Ìjòyè kan fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Kábíyèsí ní kí wọ́n lọ pe Nọ́ọ̀sì Lydia, ọmọ Kàbbà, ẹni tó ta oògùn náà ní kẹ́míìsì rẹ̀ lẹ́bàá títì. Kò pẹ́ tó fi dé, ó ṣì wọ aṣọ funfun rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé oògùn rẹ ò jẹ́ ni?"

"Ó ń jẹ́, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni, lákòókò kan náà, ọkọ ì báà wà nílé, ọkọ ì báà rìnrìn àjò. Obìnrin kan, sáṣẹ́ẹ̀tì kan. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ ṣì lo rọ́bà fún ọ̀sẹ̀ kan kí oògùn tó wọra. Gbogbo ẹ̀ ni mo sọ fún Alájì."

"Irọ́ ni! Kò sọ nǹkan kan! Ẹ bi Gafar, àwa méjèèjì la jọ lọ."

Gafar, tó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alájì ní Zuba, dìde.

"Gafar, ṣé nọ́ọ̀sì ṣàlàyé lọ́jọ́ náà?"

"Kò ṣàlàyé o, Kábíyèsí."

"Yauwa!" ni Alájì wí.

"Ó kàn ní kí a jókòó kí òun ṣàlàyé ni. Alájì ní a ò ráyè, ọkọ̀ Zuba ti fẹ́ lọ. Ni nọ́ọ̀sì bá ń sá tẹ̀lé wa lójú títì, ó ń pariwo, 'Ojoojúmọ́! Ojoojúmọ́!' Alájì ní kí n má wẹ̀yìn, pé ó fẹ́ ta òmíràn mọ́ wa ni."

"Gafar! Ẹlẹ́rìí mi ni ọ́ o!"

"Ẹ̀rí náà ni mò ń jẹ́."

Kábíyèsí nu ojú. "Nọ́ọ̀sì, ẹni tó bá lò ó bó ṣe yẹ ńkọ́?"

"Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí kò fo ọjọ́ kan, ekukáká lẹ fi máa rí ẹyọ kan tó lóyún láàárín ọdún kan. Ṣùgbọ́n ọmọ aráyé ń gbàgbé, Kábíyèsí. Oorun gbé ọ̀kan lọ, òmíràn lọ sí ìsìnkú, kò mú un dání. Bí a bá ti ka ti ìgbàgbé mọ́ ọn, bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ló máa lóyún, pàápàá nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

"Èyí tó ń bá ìkòkò ọbẹ̀ kiri ńkọ́?"

"Ìyẹn, wọn ò kọ́ wa nílé ìwé."

Alájì ò gbà. "Ó dáa! Bó bá jẹ́ oògùn ló kùnà, kí ló dé tí kò kùnà lára ìyálé? Bí Ìdáyátù ṣe lò ó ni Mùfúlíátù ṣe lò ó. Òun ni ẹlẹ́rìí mi kejì. Ìyá Saeed, dìde, jẹ́ kí wọ́n rí ọ!"

Láti àárọ̀ ni Mùfúlíátù ti jókòó nínú híjáàbù ńlá kan. Ó rọra dìde.

"Kábíyèsí, mo ti fẹ́ dákẹ́. Ojú ń tì mí. Hanifah ọmọ mi ń lọ sílé ọkọ lẹ́yìn Iléyá, mi ò fẹ́ kí èmi àti ọmọ mi jọ máa pọnmọ kiri. Ṣùgbọ́n pàṣán tí wọ́n fẹ́ fi na ìyàwó yìí, mo ti rí àjà tí wọ́n máa fi í pamọ́ sí dè mí." Ó fa híjáàbù sẹ́yìn. "Èmi náà ti lóyún. Tèmi tilẹ̀ ṣáájú ti Ìdáyátù. Níbi oyún náà, èmi ni ìyálé."

Ha! Ariwo ta. Alájì jókòó sórí báàgì. Ìdáyátù di ìyálé rẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Jàbárù," ni Ìyálóde wí, "ṣé kí a lọ di ẹrù ìyálé náà? Ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ń dúró."

"Mùfúlíátù?" Ohùn Alájì ti rẹlẹ̀. "Rárá. Mùfúlíátù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé."

"Ta wá ló ṣe é?"

"Èmi ni."

"Ti Ìdáyátù ńkọ́?"

"Èmi náà ni, Màmá."

Kábíyèsí àti Ìyálóde forí korí, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Kábíyèsí wá wúkọ́.

"Oyún méjèèjì, tìrẹ ni. Ìwọ lo máa sọ wọ́n lórúkọ. O máa ru báàgì yìí padà sílé lójú gbogbo àdúgbò, o ò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà. Láti ọ̀la títí tí àwọn méjèèjì á fi bímọ, ewé ewúro tútù kan ni wàá máa jẹ lójoojúmọ́, bí o bá ti kírun àsùbáà tán, láìfi omi sìn ín, lójú àwọn ìyàwó rẹ. Bí o bá ń lọ sí Gbókò, mú un dání, Gafar á máa ṣọ́ ọ. Ọjọ́ tí o bá fò, wàá tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ọmọ ì báà ti máa rìn."

Alájì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ ṣàánú mi! Ojoojúmọ́? Lákòókò kan náà? Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni mí o! Bí mo bá wá gbàgbé ńkọ́?"

Kábíyèsí la ẹnu láti dáhùn, Mùfúlíátù ti gbà á lẹ́nu wọn:

"O máa lóyún ni."