Tadjoudine, Akẹ́kọ̀ọ́ Etí Òkun

Bí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kí òkun Port-Bouët wá gbé bàtà mi lọ, bàtà kan ṣoṣo tí mo ní, tí mo ti ń wọ̀ bọ̀ láti Kùmásí. Ó ṣojú mi kòró. Irọ́ kan péré ló wà nínú ìtàn náà. Èmi gan-an ni mo pa á, wọn ò sì jẹ́ kó wúlò. Ẹ ó dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àìsàn tó ń ṣe Tadjoudine. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Fáàrí ni. Ọmọ Ìgbòho ni baba rẹ̀, Abidjan ni wọ́n bí òun sí, ó sì ń ta bẹ́líìtì àti okùn ṣájà ní ọjà Adjamé. Ó ti lé lógójì ọdún. Bí ó bá jẹ garba, ìyẹn àtíékè tí wọ́n fi gbáàgúdá ṣe pẹ̀lú ẹja díndín tí gbogbo wa ń jẹ lẹ́bàá títì, á máa ta eyín bí ẹni tó jẹ àgbò tán. Bí ó bá wọ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tí ń da èèyàn sílẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì, á ní dẹ́rẹ́bà òun ló gbé òun wá.

Ó wá gbọ́ pé Alidou, tí wọ́n jọ kọ́ kéú, ti rí iṣẹ́ ọ́fíìsì ní èbúté nítorí pé ó ní ìwé ẹ̀rí. Oorun dá lójú ọkùnrin yìí. Ó gba ilé-ẹ̀kọ́ gíga aládàáni kan lọ. N kò ní í dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọn ò ṣẹ̀ mí. Six cent mille ni owó ọdún kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta fráǹkì. Wọ́n ní kó san án lẹ́ẹ̀mẹta.

"Lẹ́ẹ̀mẹta?" ni Tadjoudine wí. "Ṣé mo jọ ẹni tó ń ra àga láwìn ni?"

Ó ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Owó ta ni? Owó Nafissa ìyàwó rẹ̀ ni. Ẹja ni Nafissa ń tà ní Port-Bouët. Ọdún méjì gbáko ló fi dá àjọ náà, kó lè ra fìrísà ńlá, kí ẹja tó bá kù lálẹ́ má baà máa di oúnjẹ ológbò àdúgbò.

Tadjoudine bẹ̀ ẹ́ pé, "Ìyá Fadila, yá mi. Ọdún kan péré! Tí mo bá ti wọ èbúté, fìrísà tí màá rà fún ẹ, èèyàn á lè sùn nínú ẹ̀."

Nafissa ní, "Bàbá Fadila, mi ò fẹ́ sùn nínú fìrísà. Ẹja ni mo fẹ́ kó sùn níbẹ̀."

Ó kó owó náà fún un ṣá. Ohun tí ìfẹ́ ń fi ojú obìnrin rí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní le 3 novembre, ọjọ́ kẹta oṣù November. Tadjoudine de táì, ó gbé báàgì, ó wọ kíláàsì. Àwọn ọmọ ọdún méjìdínlógún rí àgbàlagbà olútáì, wọ́n rò pé olùkọ́ ni, gbogbo wọn bá dìde fùú! Ẹlòmíì á sọ pé, "Ẹ̀yin ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ bíi yín ni mí." Ọkùnrin yìí na ọwọ́ bí ààfáà tó fẹ́ gbàdúrà, ó ní, "Ẹ jókòó."

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni olùkọ́ gidi tó dé. Tadjoudine bá rọra rìn lọ sẹ́yìn pátápátá, ó jókòó, orúkọ rẹ̀ sì di "vieux père", ìyẹn bàbá arúgbó, láti ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n dá èsì ìdánwò àkọ́kọ́ padà. Deux sur vingt! Méjì nínú ogún! Bí àgbà bá ní báàgì ìwé bí ọmọdé, kò lè ní orí ìwé bí ọmọdé. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í gba mẹ́tàdínlógún, ó tún wá ń tù ú nínú pé, "Vieux père, ẹ má jẹ́ kó dùn yín." Ìtùnú yẹn ló lé e kúrò. Ó di ẹrù rẹ̀.

Àmọ́ kí wọ́n má baà sọ pé ó sá! Bébà tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àwọn tó wá wà lórí tábìlì. Ti oṣù kan gbáko ni, ọjọ́ kan nínú àpótí kékeré kan. Tadjoudine fa bírò yọ, ó fọwọ́ sí àpótí ọjọ́ náà, ó fọwọ́ sí ti ọ̀la, ti ọ̀tunla, ó fọwọ́ sí i lọ ràì títí dé trente novembre, ọjọ́ tó parí oṣù. Ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó fọwọ́ síwèé síwájú, ilẹ̀ yíyọ̀ ni yóò tẹ̀.

Ẹ wá wò ó o. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ náà wà lára ògiri gbàgàdà: ẹni tó bá kúrò kí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, tó kọ lẹ́tà, wọ́n á dá quatre cent mille, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó fráǹkì, padà fún un. Tadjoudine ṣì ní ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Lẹ́tà ìlà méjì péré! Ṣé ó kọ ọ́? Kí Adjamé wá gbọ́ pé Tadjoudine fi yunifásítì sílẹ̀?

Láràárọ̀ ló ń de táì jáde nílé, etí òkun ló sì ń bọ̀. Ibẹ̀ ni mo wà, mò ń ṣọ́ àwọ̀n fún àwọn apẹja, nítorí ẹ̀yìn tí mo fi ru ẹrù ní èbúté fún ọdún mọ́kànlá ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyẹn ẹ̀yìn mi mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ju Tadjoudine lọ.

Mo bi í pé, "Kí lo ń wá níbí?"

"Bàbá Kùmásí, ìwádìí ni. Yunifásítì ló ní kí n wá wo òkun."

"Kí lo fẹ́ wò lára ẹ̀?"

"Bó ṣe ń lọ, tó sì ń bọ̀."

"Ó ti ń lọ, ó ti ń bọ̀, kí wọ́n tó bí baba tó bí baba ẹ."

Ó fa bírò yọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ó bá mọ níbẹ̀, à bá dúpẹ́. Ẹ mọ àṣà wa: bí ẹnì kan bá kàwé jáde, tó bá kọ́lé, tó bá ti Mẹ́kà dé, á pín abọ́ ike tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀ fún èrò. Tadjoudine ò lè dúró di ọjọ́ ìjáde. Ìwọlé ló pín abọ́ fún! Ọgọ́rùn-ún abọ́, lọ́jọ́ Sunday, le 23 novembre, ọjọ́ kejìlá tó ti sá kúrò níbi tó ní òun wọ̀. Ó yá aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àti fìlà onígun mẹ́rin lọ́wọ́ onífọ́tò, ó ya eyín sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìrántí Tadjoudine, ọmọ yunifásítì tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Le 23 novembre." Tèmi wà lọ́dọ̀ mi. Ìwọ̀ ẹja ni mo ń kó sí i.

Oṣù January ni àṣírí tú. Nafissa wá pàdé ọkọ̀ àwọn apẹja ní etí omi fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó máa ń bá a gbé ẹja wá ń ṣàìsàn. Ó rí ọkùnrin kan lábẹ́ igi àgbọn: ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ju táì sẹ́yìn ọrùn, ó fi ìwé bo ojú, ó ń hanrun.

"Bàbá Fadila."

Ìwé fò lọ. "Ìyá Fadila! Ìwádìí ni..."

"Owó àjọ mi ńkọ́?"

Kò pariwo o. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Tadjoudine wo òkun bóyá á ràn án lọ́wọ́. Òkun lọ, ó bọ̀. Ó bá jẹ́wọ́ ohun gbogbo, títí kan deux sur vingt, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ẹ̀fọn.

Nafissa yíjú sí mi. "Bàbá Kùmásí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí, ká lọ gba owó náà padà nílé ìwé ẹ̀. Ọlọ́jà fìrísà náà ti bá mi tọ́jú ẹ̀ pẹ́. Ó ní tí n kò bá sanwó lópin ọ̀sẹ̀ yìí, òun á tà á fún ẹlòmíì."

Àgbà kì í wà lọ́fíìsì kí owó àjọ ọmọ ọlọ́mọ wọ́. Mo dìde. A wọ wôrô-wôrô, takisí alájọwọ̀. Nafissa gbé bẹ́síìnì ẹja lé ẹsẹ̀, gbogbo èrò inú ọkọ̀ sì gbé imú gba fèrèsé.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Antoinette ló jókòó sídìí owó nílé-ẹ̀kọ́ náà. Faransé ni gbogbo wa sọ níbẹ̀, èmi ni mò ń tú u fún yín.

Tadjoudine gbé àyà sókè, ó ní: "Madame, mo ti kúrò níbí láti ọjọ́ kẹsàn-án. Ẹ fún mi ní owó mi."

"Lẹ́tà dà?"

"Kò sí lẹ́tà."

Antoinette fa bébà oṣù November yọ, ó tẹ́ ẹ síwájú wa. "Monsieur, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò pa ọjọ́ kankan jẹ nínú gbogbo kíláàsì. Ẹ tilẹ̀ wá lọ́jọ́ Sunday, tí a ti ilẹ̀kùn pa."

Ojú mi là. Mo ní, "Madame, ẹ ò rí i pé ó fọwọ́ sí i sílẹ̀ ni! Ta ní í wá sílé ìwé lọ́jọ́ Sunday?"

"Papa, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ó yí ìwé? Ẹni tó bá yí ìwé, lílé ni à ń lé e, kò sì ní í gba fráǹkì kan."

"Mo wá lọ́jọ́ Sunday!" ni Tadjoudine sáré wí. "Mo dúró síta, mo ń ronú."

Antoinette mí kanlẹ̀. Ó fa dúrọ́ọ̀, ó gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sórí tábìlì. Àtíékè ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mi ohun tó bu àtíékè náà sí.

Abọ́! Tadjoudine ń rẹ́rìn-ín sí wa láti ara rẹ̀, fìlà lórí, le 23 novembre!

"Ta ló fún yín níyẹn?" ni Tadjoudine bi Antoinette.

Nafissa dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́. "Èmi ni. Lọ́jọ́ kejì ayẹyẹ ẹ, mo bu ìrẹsì sínú abọ́ méjìlá, mo gbé e wá fún àwọn olùkọ́ ẹ. Mo ní kí wọ́n bá mi mójú tó ọkọ mi."

Ẹ̀yin èèyàn, mo ti sùn sábẹ́ ọkọ̀ nínú òjò Lomé, ojú ò tì mí tó ti ọjọ́ náà.

Antoinette gan-an, àánú obìnrin náà ṣe é. Ó pa abọ́ náà dé. Ó ní, "Màmá, ìrẹsì yín dùn. Ẹ gbọ́, ẹ fún mi ní ẹnì kan, ẹnì kan péré, tí ọkọ yín fẹnu ara rẹ̀ sọ fún kí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, pé òun ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Màá tẹ òǹtẹ̀ lu ìwé tí wọ́n á fi dá owó yín padà."

Ta ló sọ ọ́ fún? Ìgbéraga rẹ̀ ni, ìyẹn ò sì lè jẹ́rìí. Antoinette kọjú sí mi.

"Papa, kí ló sọ fún yín?"

Mo ti parọ́ fún aṣọ́bodè Aflao. Mo ti parọ́ fún ti Noé, mo ní ewúrẹ́ tí mo gbé kọ́rùn, àbúrò ìyàwó mi ni, òtútù ló ń mú un. N kò lálàá rẹ̀ rí. Ọ̀kan nítorí fìrísà ò ní í pa mí.

Mo ní, "Ọmọ mi, le 11 novembre ló wá bá mi létí òkun. Ó ń sunkún. Ó ní ìwé náà le ju orí òun lọ, pé òun gba deux sur vingt, pé àwọn ọmọdé ti fi òun sílẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní òun ò lọ mọ́ láéláé."

Antoinette nawọ́ gbé òǹtẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ tàdáwà. Ó gbé e sókè. Quatre cent mille wà lábẹ́ òǹtẹ̀ yẹn, ó fẹ́ balẹ̀ bí eṣinṣin ṣe ń bà lé ẹja. Ohun kan ṣoṣo ni a nílò láyé: kí Tadjoudine dákẹ́.

"Ta ló ń sunkún?"

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Èmi kẹ̀! Ìwé wo ló le jù mí lọ? Bàbá Kùmásí, ẹ má tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀! Madame, ogbó ti ń da baba yìí láàmú. Kò sí ẹni tó mọ̀wé tó mi ní kíláàsì yẹn! Èmi, kí n fi ilé ìwé sílẹ̀? Láé! Mi ò fi í sílẹ̀ rí!"

Òǹtẹ̀ dúró lófuurufú. Lẹ́yìn náà ó rọra padà sínú páálí rẹ̀.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá fìrísà ìyàwó.

Antoinette tún ṣí abọ́ rẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Monsieur. Ẹ ò tíì fi ilé ìwé sílẹ̀, ẹ sì ti san owó ọdún tán. Aago mẹ́jọ ni kíláàsì."

A jáde. Nígbà tí a dé ẹ̀bá títì, Nafissa gbé bẹ́síìnì ẹja, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lórí, omi ẹja sì ń ro sórí táì tó, tó, tó.

Wọ́n ta fìrísà náà fún ẹlòmíì. Ní báyìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Tadjoudine ti ń ru ẹja láti etí omi dé ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀, nítorí Nafissa ní fìrísà ò sí, ẹsẹ̀ yíyá ló kù. Tó bá sọ ẹja kalẹ̀, á de táì, Nafissa á sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, á dúró títí yóò fi wọlé. Àwọn ọmọ náà kì í dìde fún un mọ́. Tó bá ti wọlé ni wọ́n ń ṣí fèrèsé.

Mo bá wọn pàdé lẹ́nu ọ̀nà náà lọ́jọ́ Monday tó kọjá. Tadjoudine di orí mú. "Ìyá Fadila, ibà ń mú mi. Àti pé ìwádìí òkun yẹn, mi ò tíì parí ẹ̀ tán. Bàbá Kùmásí mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ bá mi sọ fún un!"

Mo wo bàtà mi.

Nafissa ò tilẹ̀ yíjú sí i. Ó ń ka ẹja inú bẹ́síìnì rẹ̀.

"Aago mẹ́jọ ni kíláàsì."