Lẹ́ńsì Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bú

Lẹ́ńsì kámẹ́rà kan ṣoṣo ló gbé Uwais kúrò ní Benson, ní Ìkòròdú, lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tó yẹ kó máa sinmi. Lórí Wasáàpù, láàárín àwọn tó ń wá lẹ́ńsì àtijọ́ kiri, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lẹ́ńsì ni wọ́n ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ara rẹ̀ jẹ oyè náà. Ẹ̀bá ọ̀nà Ọjà Olúwo ló ti bá Alhaja Ṣẹ̀rífátù, opó onífótò kan, tó ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ mọ́ kí télọ̀ tó gbà á lè wọlé. Lẹ́ńsì tí Uwais tìtorí rẹ̀ wá wà lórí tábìlì, òrùka funfun yí i lọ́rùn. Ó dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ló bá fajú ro bí ẹni tí wọ́n gbé ẹ̀bà àná fún.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà, Alhaja. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́."

"Kú ọ̀nà, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ níbẹ̀? Àga wà, dígí wà, iná tí wọ́n fi ń ya fótò náà wà."

"Mi ò fẹ́ nǹkan kan pàtó, mà. Mo kàn ń kọjá lọ ni."

Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, ó kàn ń kọjá lọ. Ó fi ìka kan ti lẹ́ńsì náà.

"Òkú irin wo rèé?"

"Lẹ́ńsì ọkọ mi ni."

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n Alhaja, ayé ti kọjá èyí. Ọwọ́ lèèyàn á máa fi yí i kí àwòrán tó hàn kedere. Kí ẹ tó yí i tán, ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà á ti lọ sílé. Ẹ wo ọrùn ẹ̀, ó ti ń mì. Ẹ wo inú ẹ̀, ó ti bu bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀. Àánú yín ló ṣe mí, kí n bá yín gbé e kúrò níbí. Èló lẹ máa gbà?"

Bí ìyá Uwais ṣe kọ́ ọ nìyẹn láti kékeré: ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà ní pọ́ọ́kú, kó kọ́kọ́ bú u ná.

Alhaja mi orí. "Òtítọ́ pọ́ńbélé lo sọ, ọmọ mi."

"Ẹ ṣeun, mà."

"Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní tà á."

"Ẹ ní kí ni, mà?"

"Mi ò ní tà á. Ohun tó ní àlébù, Mùsùlùmí kì í tà á fún ọmọnìkejì ẹ̀. Bí fótò bá dúdú lọ́wọ́ ọkọ mi, ṣe ló máa tún un yà lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ tiẹ̀, lẹ́ńsì yẹn dára. Àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti wà nínú àpótí, nǹkan sì ń gbó. Tí mo bá kírun àsárì tán, inú ọ̀sà ni mò ń lọ jù ú sí, kó má baà kó bá ẹlòmíì."

Uwais fọwọ́ di etí tábìlì mú.

"Ẹ dákun, Alhaja, ẹnu ọjà lásán ni mo ń sọ. Ọrùn tí mo ní ó ń mì yẹn, ó lè jẹ́ ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n."

"Inú ẹ̀ tó bu ńkọ́?"

"Eruku ni." Ó fi etí bùbá rẹ̀ nù ún. "Ẹ wò ó, ó ti lọ."

"Má bò ó fún mi. Tó bá ṣe ìwọ nìkan lo sọ ọ́, mi ò bá rò ó wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ ọ́ kó o tó dé."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n wo?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Lẹ́ńsì. Ìkòròdú ló wà. Toyyibah, ọmọ ọmọ mi, ló fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi nígbà tó gbọ́ pé mo fẹ́ ta ẹrù. Dákẹ́ kó o gbọ́ ọlọ́gbọ́n."

Ó tú fóònù kúrò létí ìró rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn kan jáde, ó ki, ó wúwo, ó ń dún bí ẹni tó wà nínú kànga.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lẹ́ńsì ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ sá fún lẹ́ńsì olórùka funfun. Ẹni tẹ́ ẹ bá fi yà, ojú ẹ̀ á dà bíi ti ẹni tó sùn lọ́sàn-án tí wọ́n jí tipátipá. Àlébù ló kún inú ẹ̀. Ẹni tó bá sì tà á fún ọmọnìkejì ẹ̀, kó múra ìdáhùn sílẹ̀ de ọjọ́ àlùkìyáámọ̀."

Uwais mọ ohùn náà dáadáa. Nígbà òjò tó kọjá ló yá irú lẹ́ńsì yẹn lò, tó rí i pé àwọn tí wọ́n ń tà lówó gegere kò lè dúró níwájú rẹ̀. Kàkà kó sọ ọ́, ó wọ inú balùwẹ̀, ibi tí ohùn ti máa ń ki, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bú lẹ́ńsì náà kí àwọn yòókù má baà rà á tán kó tó rí tirẹ̀. Gbólóhùn àlùkìyáámọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn débi pé ó ń tún un gbọ́ títí ó fi sùn.

"O rí i bó ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ààfáà?" Alhaja ní. "Mo máa ń ṣàdúà fún un."

"Alhaja, òpùrọ́ ni ọkùnrin yẹn."

"Ta ni?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo mọ̀ ọ́n. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé."

"Ẹni tó ń kìlọ̀ fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́ lo pè ní òpùrọ́?"

"Oníwọra ni, mà. Ó fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ló máa mọ ohun tó dára."

"Yé sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Bí ìgbà téèyàn ń jẹ ẹran ara ọmọ ìyá ẹ̀ ló rí."

Uwais gbé itọ́ mì. Ẹran ara òun fúnra rẹ̀ ló ń jẹ, kò sì tíì yó.

"Ẹ gbọ́ mà. Lẹ́ńsì àtijọ́ ti gba gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù wọn. Inú àpò ìrẹsì ni Fọláwùmí, ìyàwó ẹ̀, ń kó aṣọ sí. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ la ń gba ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Ẹni tó ń ṣèwádìí nìyẹn."

"Lẹ́ńsì ló ń kó sábẹ́ ìrọ̀rí sùn."

"Ó fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀ ni."

"Níbi ìgbéyàwó àbúrò ẹ̀, ó ní òun kò lo kámẹ́rà ayé òde òní. Ó ń yí lẹ́ńsì, ó ń yí i, títí ọkọ àti ìyàwó fi wọ mọ́tò. Ẹ̀yìn mọ́tò nìkan ló rí yà."

"Sùúrù ló ní. Sùúrù ni baba ìwà."

"Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn gan-an, òun ló fún ara ẹ̀. Ìdánwò ìṣirò kò jẹ́ kó rí yunifásítì wọ̀ bọ̀rọ̀."

"Ẹni tó ṣubú tó tún dìde nìyẹn. Ọlọ́run á bá wa dá irú wọn sí."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Uwais, kò sí ẹni tó gbèjà rẹ̀ tó báyìí rí. Ojú rẹ̀ fẹ́ máa ṣomi. Bẹ́ẹ̀, Alhaja ti mú lẹ́ńsì, ó ti sọ ọ́ sínú ọ̀rá, ó ti ta á ní kókó, ó sì ń fi ẹsẹ̀ wá sálúbàtà rẹ̀.

"Jẹ́ kí n tètè lọ. Wọ́n ti fẹ́ pèrun."

"Alhaja, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Alhaja wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí. "Irọ́ ni. Ohùn Ọ̀jọ̀gbọ́n ki. Èèyàn gíga ni."

"Balùwẹ̀ ló jẹ́ kó ki, mà."

"Ìwọ tó o ní ó jẹ́ òpùrọ́, tó tún jẹ́ oníwọra?"

"Èmi náà ni."

"Ìyàwó ẹ ló ń kó aṣọ sínú àpò ìrẹsì?"

"Òun ni, mà."

"Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Uwais gbé korobá kan nílẹ̀, ó ki ẹnu bọ̀ ọ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lẹ́ńsì ló ń bá yín sọ̀rọ̀."

Alhaja jókòó pẹ̀lẹ́. "Gbogbo àdúà tí mo ti ṣe," ó ní. "Kí ló dé tó o fi purọ́ mọ́ ohun olóhun?"

Uwais gbé korobá kalẹ̀. Ó fa fótò kan yọ nínú àpò rẹ̀, àtijọ́ ni, dúdú àti funfun. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ níwájú kọ́tìnnì, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bi lọ́rọ̀ ọkọ. Òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí wà lẹ́yìn rẹ̀: Rẹ́rìn-ín Díẹ̀ Fótò, Ẹ̀pẹ́.

"Ìyá mi, Tàwàkálítù, nìyẹn. Kì í gbà ká ya òun mọ́. Ó ní fóònù ń ka ìhunjọ ojú òun bí ẹni ń ka gbèsè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fi èyí hàn mí, ó ní tí mo bá rí irinṣẹ́ tí onífótò Ẹ̀pẹ́ fi ya òun, òun á jókòó fún mi. Òrùka funfun ló sì rántí. Ó ti ń darúgbó, Alhaja. Lẹ́ńsì kún ilé mi, mi ò sì ní fótò ìyá mi kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ mi yà. Ẹ̀rù ń bà mí."

Alhaja gba fótò náà, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Kọ́tìnnì wa rèé. Èmi ni mo rán an." Ó fi ìka ra etí fótò náà. "Lẹ́ńsì yìí ni ọkọ mi fi yà á lóòótọ́. Tó bá ti jẹ́ obìnrin, kì í lo òmíì. Ó ní lẹ́ńsì yìí nìkan ló lójú àánú."

"Ẹ ta á fún mi, mà."

"Màá tà á. Ṣùgbọ́n ibi tó o ti bà á lórúkọ jẹ́, ibẹ̀ ni wàá ti tún un ṣe. Níwájú mi báyìí."

Uwais fa fóònù tirẹ̀ yọ. Ó wo ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ Alhaja, ó wo fóònù, ó sì tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni o. Ohun tí mo sọ nípa lẹ́ńsì olórùka funfun, irọ́ ni. Mi ò tíì rí lẹ́ńsì tó dára tó o. Mo bú u kẹ́ ẹ má baà rà á ni. Ẹ forí jì mí."

Ó fi ránṣẹ́. Ó mọ̀ pé kó tó di ọ̀la, gbogbo ìlú Èkó á ti máa lé lẹ́ńsì náà kiri. Alhaja tú ọ̀rá, ó dá iye tó fẹ́ gbà. Uwais san án láì yọ kọ́bọ̀, ó sì gbá lẹ́ńsì mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

Fóònù rẹ̀ dún, ó tún dún.

"Tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́," Alhaja ní. "Àwọn èèyàn ẹ ń forí jì ọ́."

Jọláolúwa, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá lẹ́ńsì lórí Wasáàpù, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ẹ má dá a lóhùn o. Ó ti ra ọ̀kan, ó rí i pé kò dáa, ó wá fẹ́ tà á fún wa."

Ògúnsànyà tẹ̀ lé e: "Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ó ṣì lè dáa díẹ̀. Àmọ́ bó ṣe ń yìn ín lónìí yìí, àlébù yẹn ti kọjá àfẹnusọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi sàráà fún mi."

Inú Uwais dùn dé ẹ̀yìn. Òun ti sọ òtítọ́, kò sì sí ẹni tó gbà á gbọ́. Òun ti ra lẹ́ńsì, kò sì sí ẹni tó fẹ́ irú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí ọwọ́ Alhaja tó nà sí i, owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san wà nínú rẹ̀, ó pé pérépéré.

"Kí ni mo tún ṣe, mà?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Gba owó ẹ, kó o gbé lẹ́ńsì wá."

"Alhaja, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé òun ló lójú àánú."

"Mo sọ ọ́. Ìgbà yẹn, mi ò tíì gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ẹ sọ." Ó gba lẹ́ńsì lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. "Má bínú, ọmọ mi. Obìnrin tó rẹ́rìn-ín tó báyìí níwájú kọ́tìnnì mi, mi ò ní jẹ́ kó o fi ohun tó ní àlébù yà á."